Ẹ má fi ààwẹ̀ jẹ ọjọ́ 90 ọmọ yín tán

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó kọ "Àmín". Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àmín. Ó máa bí àwọn kan nínú, pàápàá jù lọ àwọn tí a jọ ń gun pẹpẹ. Kò sí wàhálà, ẹ jẹ́ kó bí wọn.

Ohun tí ojú wa ń rí ní agbègbè yìí nìyí. Wọ́n á mú ọmọ kan, wọ́n á ní àwọn bá oògùn olóró lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀, adájọ́ á dá a lẹ́bi, ó di ẹ̀wọ̀n. Ìyá rẹ̀ á sáré gba orí òkè àdúrà lọ. A ò bá a wí, àwa náà máa bá a gbàdúrà. Ohun tí wọ́n ń sọ fún un lórí òkè yẹn ni ìjà wa. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ fi ẹjọ́ yìí lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ má lọ bá lọ́yà kankan mọ́, apá ẹran ara nìyẹn. Ẹ gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21. Tó bá parí, ẹ wá gba ti ogójì ọjọ́." Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. 21 àti 40, 61 nìyẹn. Tí wòlíì bá tún fi 30 lé e kí ìdè ìdílé lè já, ó ti di 91. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 90 péré ni òfin fún ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Kí màmá tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn.

Àwa kì í ṣe lọ́yà o. Díplómà tí a ní, ti ẹ̀kọ́ Bíbélì ni. Ṣùgbọ́n a mọ̀wé kà, ohun tí òfin sọ kò sì fara sin. Abala 241 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní ẹni tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ bá dá lẹ́bi ní ẹ̀tọ́ láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ̀tọ́ la wí! Kì í ṣe ojú rere, kò níí bẹ ẹnikẹ́ni. Abala 24 nínú òfin Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ló ka 90 yẹn. Bí wọ́n bá tún dá a lẹ́bi níbẹ̀, ó ní ọjọ́ 30 láti lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ l'Ábùjá. Ọjọ́ tí adájọ́ ka ìdájọ́ ni kíkà náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá rí owó lọ́yà. Ẹ tún mọ èyí: ẹjọ́ oògùn olóró kì í ṣe ti májísíréètì Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló láṣẹ lórí rẹ̀, Ìkòyí la sì ti ń lọ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ti Ẹ̀pẹ́ lọ gbọ́ ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀ mọ ìgbà tí òun jí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí kò fi sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́, tí wọn ò sì mọ ọjọ́ tí 90 bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé pásítọ̀ ń gbè sẹ́yìn àwọn tó ń ta igbó. A mọ ohun tí oògùn olóró ń ṣe fún wa níbí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, inú ilé kan ní Solebo Estate, ní Ìkòròdú wa yìí, ni NDLEA ti kó kokéènì tó tó tọ́ọ̀nù 1.8, tí wọ́n sọ pé owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 278 dọ́là. Àjọ náà ní láti ìgbà táwọn ti wà, àwọn ò kó kokéènì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Ìwádìí tí ìjọba ṣe lórí ìlò oògùn ní 2018 sọ pé ọmọ Nàìjíríà mílíọ̀nù 14.3 ló lò ó láàárín ọdún kan, ìpínlẹ̀ Èkó ló sì léwájú, ìdá 33 nínú 100. A ti jókòó ti àwọn òbí tí ọmọ wọn ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá jẹ̀bi, kó jìyà. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ̀bi? Ìbéèrè tí kòtẹ́milọ́rùn wà fún nìyẹn.

Ẹ wo òfin NDLEA fúnra rẹ̀, èyí tí ìjọba ológun ṣe ní 1989. Abala 19 ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ní kokéènì, heroin àti irú wọn lọ́wọ́ yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25. Ẹ pa ọ̀rọ̀ kan mọ́ níbẹ̀: mọ̀ọ́mọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn bá a lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ. Ọmọ tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní Sábó, èrò gbé báàgì wọlé, ó ní kó gbé òun dé Ìta-Ẹlẹ́wà. Ṣé ọmọ náà máa ní kó tú báàgì wò kó tó ṣáná sí kẹ̀kẹ́? Ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù ní èbúté Ẹ̀pẹ́, ṣé ó máa ń tú àpò gàrí kọ̀ọ̀kan? Dírẹ́bà tí wọ́n fún ní waybill ní gáréèjì ńkọ́? Ẹ má gbàgbé pé orúkọ ọ̀gá NDLEA gan-an, Marwa, ni wọ́n fi ń pe kẹ̀kẹ́ yẹn, láti ìgbà tó ti ṣe olórí ìjọba ológun l'Ékòó. Ayé ń yí. Tí adájọ́ bá ní ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀, tí ẹ̀rí tó sì wà nílẹ̀ kò ju pé báàgì wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, ìyẹn tó ohun tí adájọ́ mẹ́ta ní Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn máa jókòó yẹ̀ wò.

Ẹrù tí wọ́n mú náà tún wà níbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n dì í sínú àpò kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pa níṣojú ẹni tí wọ́n mú, kí òun náà buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, kí wọ́n tó bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí èsì sì padà wá sí kóòtù. Tí ìwọ̀n orí fọ́ọ̀mù bá yàtọ̀ sí ti inú èsì, tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ibi tí ẹrù náà sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, báwo la ṣe mọ̀ pé ohun kan náà ni? Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ti ní bí ẹnì kan bá tiẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé igbó lòun gbé, onímọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé igbó ni. Ewé tó jọra pọ̀. Bákan náà, òfin ACJA ti ọdún 2015 ní tí ẹni tí wọ́n mú bá fẹ́ sọ tẹnu rẹ̀ fún agbófinró, kí lọ́yà rẹ̀ wà níbẹ̀, tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid, tàbí ẹlòmíràn tó bá fẹ́. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ní ẹni tó jókòó tì í? Gbogbo ìwọ̀nyí, inú ìwé ẹjọ́ ni wọ́n wà. Ẹni tí ò ṣí ìwé náà ò lè rí wọn, ìbáà gbààwẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọjọ́.

Ti àwọn tó ní àwọn jẹ̀bi ló dùn wá jù. Ẹnì kan á sún mọ́ ọmọ náà ní àtìmọ́lé, á ní, "Ṣáà sọ pé o jẹ̀bi, wọ́n á bù ú fún ọ, wọ́n lè ní kó o san fáìnì kó o máa lọ ilé." Ọmọ tó ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀ á ní òun jẹ̀bi ikú Jésù bó bá ṣe máa délé nìyẹn. Bó bá ti sọ ọ́, ojú ọ̀nà kòtẹ́milọ́rùn ti há. Kò tíì dí pátápátá, ó ṣì lè ní ìjìyà náà pọ̀ jù tàbí pé ẹ̀sùn náà ò yé òun, ṣùgbọ́n ó ti há. Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí ọjọ́ yẹn tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá kan wá bá wa lọ́dún tó kọjá, ó ń ta ẹja yíyan lójú ọ̀nà Ìtókín. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Ó gbé ọ̀rá kan dání. Òróró ìyàsímímọ́ wà nínú rẹ̀, aṣọ àdúrà wà nínú rẹ̀, ìwé tí wọ́n fi gba owó irúgbìn lọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, mẹ́rin. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ìwé ìdájọ́ ọmọ rẹ̀ wà, wọ́n ká a sí mẹ́rin, kò sẹ́ni tó ṣí i rí. A wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ó ti lé ní oṣù márùn-ún. A gbé e fún lọ́yà kan nínú ìjọ. Kò kà á dé ojú ewé kẹjọ tó fi dákẹ́, tó ní ká wá wò ó. Ẹlẹ́rìí ìjọba fúnra rẹ̀ sọ ní kóòtù pé èrò kan fò sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ náà tó sá lọ. Ta ló ni báàgì, èrò tó sá ni àbí ẹni tó jókòó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀? Owó irúgbìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ì bá ti gbé ìbéèrè yìí dé iwájú adájọ́ kí ọjọ́ tó pé. Ní báyìí, ó di pé kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kó fi àyè kún àyè. Ohun méjì ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá bẹ̀ bẹ́ẹ̀: kí ló fà á tó o fi pẹ́, àti pé ṣé ẹjọ́ rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò nira. Ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Kí ni ìyá máa kọ, pé wòlíì ní kóun má lọ? Lọ́yà ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì búra sí i. Wọn ò tíì dá a lóhùn títí di bí a ṣe ń kọ èyí, ọmọ náà ṣì wà ní ẹ̀wọ̀n.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ibo lẹ ti rí i nínú Bíbélì pé ẹni tó bá lọ sí kóòtù kò nígbàgbọ́? Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 25, Pọ́ọ̀lù dúró níwájú Fẹ́sítọ́ọ̀sì ní Késáríà. Fẹ́sítọ́ọ̀sì fẹ́ ṣe ojú rere sí àwọn Júù, ó bi í bóyá ó máa lọ jẹ́jọ́ ní Jerúsálẹ́mù. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti lúgọ dè é lójú ọ̀nà. Pọ́ọ̀lù ò ní kí wọ́n jẹ́ kóun lọ gbààwẹ̀ lórí rẹ̀ ná. Ojú ẹsẹ̀ ló ní ẹjọ́ òun di ọ̀dọ̀ Késárì. Ẹni tí aṣọ ìnujú rẹ̀ ń wo aláìsàn sàn ló lo òfin Róòmù yẹn o! Ní orí 22, wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀ láti nà án kó tó béèrè bóyá òfin gbà wọ́n láyè láti na ọmọ onílùú Róòmù tí wọn ò tíì dá lẹ́bi. Ní Fílípì ńkọ́? Ilẹ̀ mì, ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí lóru, iṣẹ́ ìyanu gidi. Síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ jẹ́jẹ́, ó ní rárá, kí àwọn aláṣẹ tó na àwọn ní gbangba láìdájọ́ wá mú àwọn jáde fúnra wọn. Ó kọrin lóru, ó sì bá wọn sọ òfin láàárọ̀.

Pásítọ̀ kan tí a jọ fa ọ̀rọ̀ yìí ní Ẹ̀pẹ́ ní Àgírípà sọ ní orí 26 pé wọn ì bá ti dá Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ ká ní kò pe Késárì. Ó rò pé òun ti mú wa. Ọ̀gá mi, ọdún méjì gbáko ni Fẹ́líìsì fi Pọ́ọ̀lù sí àtìmọ́lé kí Fẹ́sítọ́ọ̀sì tó dé, tó ń retí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ta ló fẹ́ dá a sílẹ̀ nígbà yẹn? Ọ̀rọ̀ Àgírípà dùn gbọ́ lẹ́nu ẹni tí kò sí nínú ẹ̀wọ̀n. Àti pé Olúwa ti sọ fún Pọ́ọ̀lù ní orí 23 pé yóò jẹ́rìí ní Róòmù. Kòtẹ́milọ́rùn yẹn ló gbé e débẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀tọ́ yìí ò tó nǹkan, kó bi àwọn tó rántí 1985. Àwa rántí, ọmọ iléèwé ni wá nígbà náà. Ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn ṣe Òfin 20 ní 1984. Tíríbúná ló ń gbọ́ ẹjọ́, ikú ni ìdájọ́, kò sì sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kankan. Àwọn ológun tó ṣe òfin náà ló tún ń fọwọ́ sí ikú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa àwọn mẹ́ta l'Ékòó lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró: Bartholomew Owoh, Bernard Ogedengbe àti Lawal Ojuolape. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn wà tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n ní ó dẹ́ṣẹ̀ náà, ikú kọ́ ni ìjìyà rẹ̀ nínú òfin. Wọ́n fa òfin sẹ́yìn láti fi pa á. Ká ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wà, lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní iléèwé máa rí ibi tí wọ́n ti ṣàṣìṣe. Ní 1986, ìjọba tó gba ipò lọ́wọ́ wọn yọ ikú kúrò nínú òfin náà. Àwọn mẹ́ta yẹn ti wà nínú ilẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà l'Ábùjá tún dìbò pé kí ikú padà wá fún àwọn tó ń ṣòwò oògùn olóró. A rí àwọn ọmọ ìjọ tó kọ "Halelúyà" sí i lórí Facebook. Haba! Ẹni tí wọ́n bá ti pa, adájọ́ wo ló máa wá sọ fún un pé ẹlẹ́rìí ìjọba purọ́?

Ọ̀rọ̀ náà ò parí sí Ìkòyí. Àwọn kan nínú yín ní ọmọ tàbí àbúrò ní ẹ̀wọ̀n Íńdíà lórí irú ẹ̀sùn yìí, ẹ ti kọ̀wé sí inbox wa. Ẹ̀yin náà, ẹ jáwọ́ nínú fífi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ní òun mọ èèyàn ní Delhi. Òfin oògùn wọn, ti 1985, máa ń wo ìwọ̀n. Tí heroin kò bá tó gíráàmù 5, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í ju ọdún kan lọ. Tó bá ti ju 250 lọ, ó di ọdún 10 sí 20. Nítorí náà, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ìwé lè jẹ́ gbogbo ẹjọ́ náà. Tí wọ́n bá fẹ́ tú ara ènìyàn wò, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ kí májísíréètì tàbí ọ̀gá ìjọba wà níbẹ̀; ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ tẹnu mọ́ èyí ní 1999. Ní oṣù kẹwàá 2020, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ní ìjẹ́wọ́ tí ènìyàn ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mú oògùn kò ṣeé fi dá a lẹ́bi. Ní oṣù keje 2024, ọmọ Nàìjíríà kan lọ síwájú wọn nítorí pé kóòtù ìsàlẹ̀ ní kó máa fi ibi tó wà han ọlọ́pàá lórí Google Maps kó tó lè gba béèlì. Wọ́n ní ìyẹn tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ọmọ Nàìjíríà, ní ilẹ̀ onílẹ̀! Ọjọ́ 60 ni wọ́n fún ẹni tí kóòtù ìsàlẹ̀ dá lẹ́bi láti lọ sí High Court níbẹ̀, kò tó tiwa. Òfin wọn ti 1987 sì ní ẹni tó bá wà ní àhámọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà ọ̀fẹ́. Kí ọmọ yín béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ẹ̀wọ̀n.

Àwọn àgbà ìjọ kan máa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ìjọba àpapọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín tẹ́lẹ̀, ẹ ò fẹ́ bá a jẹun. Àwọn mìíràn máa ní owó ńkọ́. Owó ń lọ síbẹ̀ lóòótọ́: ẹ máa gba ìwé gbogbo ohun tí wọ́n sọ ní kóòtù, lọ́yà náà máa gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àkọ́kọ́ tó ń sọ pé ẹ fẹ́ pe ẹjọ́, ẹni tó wà ní ẹ̀wọ̀n lè buwọ́ lù ú níbẹ̀, kó wọlé kí 90 tó pé. Owó ìyókù á máa bọ̀ lẹ́yìn. Legal Aid Council wà láti 1976 fún ẹni tí kò lówó lọ́yà, kí ẹ lọ bá wọn. Ìjọ tó lè ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun lọ́dọọdún lè san owó ìwé ẹjọ́ fún ẹnì kan. Jésù ní wọ́n bẹ òun wò nínú túbú. Ẹni tó bá lọ bẹ̀ ẹ́ wò, kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá a lẹ́bi, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́yà méjì nínú ìjọ wa máa jókòó ní gbọ̀ngàn kékeré lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ọjọ́ Ọjọ́rú, láago méje alẹ́. Wọn ò gba kọ́bọ̀, ẹ ò ní láti jẹ́ ọmọ ìjọ. Ẹ mú ìwé ìdájọ́ wá, ìwé ẹ̀sùn náà tó bá wà lọ́wọ́, àti nọ́ńbà ẹjọ́. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá ku díẹ̀, kó má dúró de Ọjọ́rú, kó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa lálẹ́ òní.